Ohun Tí Mo Túmọ̀ ní Oko Bẹ́rì

Ìwé kan wà lára firíìjì mi ní Stone Mountain, ní Amẹ́ríkà, tí mo kórìíra bí ẹni kórìíra àna burúkú. Obìnrin tó ń rí sí oúnjẹ àwọn aláìsàn ní ilé ìtọ́jú ló fún wa. Ohun tí màmá mi kò gbọdọ̀ jẹ wà lápá òsì, ohun tí wọ́n lè jẹ wà lápá ọ̀tún. Apá òsì gùn dé ìsàlẹ̀ ìwé: iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀wà, tòmátì, ọsàn, àgbọn, ẹ̀fọ́ tí a kò bá bọ̀ kí a da omi rẹ̀ nù. Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ wá rí, àmọ́ ó dà bí ẹni pé inú ilé ìdáná wa ní Ọ̀yọ́ ló jókòó sí, tó ń kọ gbogbo ohun tó bá níbẹ̀ sílẹ̀. Apá ọ̀tún kò gùn. Èso tó wà níbẹ̀ kò ju ápù, gíréèpù àti oríṣiríṣi bẹ́rì lọ.

Kíndìnrín ló ń da màmá mi láàmú. Wọ́n wá kí wa nígbà tí ọmọ mi obìnrin fẹ́ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ lò, àìsàn sì dá wọn dúró. Nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń gbé wọn lọ sí ilé ìtọ́jú ní Tucker lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n lè jókòó fún wákàtí mẹ́rin sídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni èmi fúnra mi. Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ti yí shift mi síwá sẹ́yìn títí ó fi bá ọjọ́ ẹ̀rọ náà mu. Inú mi máa ń dùn tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá ní mo mọ ìyá tọ́jú. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ ọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún náà, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, màmá mi ní kí n jókòó.

“Ẹ̀rọ yìí ti sú mi,” ni wọ́n wí. “Mo fẹ́ lọ sílé.”

Mo ní, “Hospital wo lẹ máa lò nílé, Màmi? Ṣé ẹ rò pé dialysis rọrùn níbẹ̀ bíi ti ibí ni?”

“Mi ò sọ pé mò ń wá hospital. Mo ní mo fẹ́ lọ sílé.”

Ó yé mi. Kò sí nọ́ọ̀sì tí kò ní yé. Wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀, kí wọ́n lọ dùbúlẹ̀ sí yàrá tiwọn ní Ọ̀yọ́, kí ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀. Orí mi gbóná. Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó abọ́ pẹ̀lú ariwo, mo sì sọ ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu: “Dókítà ò lè gbà láéláé. Kò tiẹ̀ bófin mu. Ẹ má jẹ́ kí n gbọ́ ọ mọ́, ẹ jọ̀ọ́.”

Bí mo ṣe sọ̀rọ̀ sí ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin nìyẹn, obìnrin tó fi iṣẹ́ aránṣọ rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ títí mo fi di ẹni tó ń pàṣẹ fún wọn. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti jẹun gidi mọ́. Síbí méjì, síbí mẹ́ta, wọ́n á ní àwọn ti yó.

Ìgbà yẹn ni mo wá fojú sí apá ọ̀tún ìwé ara firíìjì. Mo sọ fún ara mi pé tí mo bá lè rí ohun kan ṣoṣo tó máa dùn lẹ́nu wọn, ọ̀rọ̀ ilé á kúrò lọ́kàn wọn. Màmá mi ni mò ń dù. Mo fẹ́ kí wọ́n wà lọ́dọ̀ mi, kí n máa gbọ́ ikọ́ wọn ní àárọ̀, mi ò sì bìkítà bóyá ó tẹ́ wọn lọ́rùn tàbí kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Mo ra bẹ́rì ní súpámákẹ́ẹ̀tì, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e síwájú wọn nínú àwo tó dára. Wọ́n tọ́ ẹyọ kan wò, wọ́n ní omi lásán tí wọ́n pa láró ni.

Ọmọ mi ló wá oko bẹ́rì kan rí lórí fóònù. Ó ti wọ yunifásítì, ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa.

“Mommy, there's a farm, you pick it yourself. It's fresh. Grandma máa like ẹ.”

“Kí n wa mọ́tò lọ ṣe iṣẹ́ oko ní Amẹ́ríkà? Èmi tí mo sá fún oko bàbá mi?”

Ṣùgbọ́n mo gbà. Kí ni mi ò ní gbà nígbà yẹn?

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta la lọ, kí oòrùn tó mú. Oko náà wà lápá ìlà-oòrùn, ó gbà wá tó wákàtí kan lórí ọ̀nà 78. Màmá mi ró ìró àdìrẹ kan tó ti ṣá, wọ́n wọ sneakers ọmọ mi, wọ́n dé fìlà ńlá tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fi apá aṣọ gígùn bo ọwọ́ òsì, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ran iṣan pọ̀ tí wọ́n ń gún fún ẹ̀rọ, wọn kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ náà gbé ohun tó wúwo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mi ò ti rí kí wọ́n múra pẹ̀lú ìtara bẹ́ẹ̀.

Obìnrin kan tó máa tó ẹgbẹ́ mi ló ni oko náà, aláwọ̀ dúdú ará Georgia níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ le koko. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, màmá mi ti gbóhùn sókè láti inú mọ́tò.

“Àroko bọ́dún dé o!”

Obìnrin náà wò mí. Mo ṣàlàyé fún un pé bí a ṣe ń kí àgbẹ̀ nìyẹn, pé a ń bá a tọrọ kí ó máa ro oko rẹ̀ títí ọdún á fi yí po. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó tẹrí ba fún màmá mi, ó fún wa ní korobá tí wọ́n so okùn mọ́ kí a lè fi kọ́ ọrùn. Ó ní blackberry ló pọ̀ jù lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì ní a lè máa tọ́ ọ wò bí a ṣe ń já a.

Igi bẹ́rì náà fà bí ìtàkùn sára wáyà, poro kan tẹ̀ lé òmíràn lórí ilẹ̀ pupa. Ọ̀rọ̀ pé a lè jẹ nínú rẹ̀ kò ya màmá mi lẹ́nu. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ tiwa nígbà èwe àwọn, ẹni tí ebi bá ń pa lè jẹ nínú oko olóko, kò kàn gbọdọ̀ gbé e lọ sílé ni. Gbígbé lọ sílé ló ya wọ́n lẹ́nu. Wọ́n sọ fún ọmọ mi nípa àgbáyun, èso pupa kékeré tí àwọn máa ń já lọ́nà oko kòkó, pé tí ènìyàn bá ti lá a, ọsàn wẹ́wẹ́ pàápàá á máa dùn bí oyin lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ náà ní irọ́ ni. Wọ́n ní kí ó bi ìyá rẹ̀. Èmi kò tọ́ àgbáyun wò rí láyé mi, àmọ́ mo ní òótọ́ ni.

Iṣẹ́ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀, kíá ni màmá mi sì ti mọ̀ ọ́n. Bẹ́rì tó ń dán lójú kò tíì pọ́n, èyí tí dídán rẹ̀ ti lọ ló ti gbó. Èmi ń já èyí tó ń dán. Mo ń fà á tipátipá, ẹ̀gún ń gún mi lọ́wọ́, mo sì ń kùn.

Màmá mi ní, “Má fi agbára fà á. Tí àsìkò rẹ̀ bá ti tó, á bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Tí kò bá tíì tó, fi sílẹ̀.”

Mo mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́rì nìkan ni wọ́n ń bá wí. Wọ́n mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ gba ẹ̀yìn. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, mo lọ sí poro kejì, ṣùgbọ́n mo ń yọjú wò wọ́n láàárín ewé. Wọ́n fi ẹyọ kan sẹ́nu. Ojú wọn fún. Wọ́n ní, “Ó kan o,” wọ́n sì mú òmíràn. Mo kà á bí nọ́ọ̀sì: mẹ́sàn-án ni wọ́n jẹ lórí ìdúró. Omijé bọ́ lójú mi sórí korobá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ní ó ti parí, wọn kò ní lọ mọ́.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, obìnrin olóko bá wa da bẹ́rì sínú apẹ̀rẹ̀. Ó wo korobá màmá mi, ó yìn wọ́n pé ti ìyá ló dára jù, kò sí ẹyọ kan tí kò gbó níbẹ̀. Ó ní kí n sọ fún wọn pé ó fẹ́ rí wọn ní ọdún tó ń bọ̀, pé àwọn igi á ti ga sí i.

Mo sọ ọ́ fún wọn. Màmá mi rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Sọ fún un pé ó ṣé, Ọlọ́run á bùsí oko rẹ̀. Sọ fún un pé mi ò ní sí níbí lọ́dún tó ń bọ̀. Mò ń lọ sílé.”

Mo kọjú sí obìnrin náà. Ohùn mi kò gbọ̀n rárá. Mo sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì pé màmá mi dúpẹ́, inú wọn dùn, wọ́n sì ní àwọn máa pa dà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọmọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, “Mommy, that's not what Grandma said.”

Mo wò ó bí mo ṣe máa ń wò ó nígbà tó wà ní kékeré tó bá sọ ohun tí kò yẹ níwájú àlejò. Ṣùgbọ́n màmá mi ti rí ojú tí mo fi wò ó. Wọ́n kọjú sí ọmọ náà.

“Kí ni ìyá rẹ sọ fún un?”

Ó tẹjú mọ́lẹ̀. Yorùbá rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó lè ṣì í gbọ́ lọ́jọ́ náà. “Wọ́n ní... ẹ máa come back next year, Grandma.”

Màmá mi mi orí. Wọ́n fọwọ́ kan obìnrin olóko léjìká láti dágbére, wọ́n sì wọnú mọ́tò lọ jókòó.

A gba ọ̀nà 78 pa dà. Mò ń wa mọ́tò, ojú ń tì mí, mo sì ń bínú sí ọmọ mi dípò kí n bínú sí ara mi. Ohun tó ń já mi láyà jù ni pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ tí màmá mi ti ń lọ sí Tucker, èmi ni ògbufọ̀ wọn. Gẹ̀ẹ́sì tiwọn kò ju kí wọ́n kí ènìyàn lọ. Ilé ìtọ́jú ní ògbufọ̀ orí fóònù tí wọ́n lè pè fún wa, ọ̀fẹ́ ni. Èmi ni mo kọ̀ ọ́. Mo ní ta ló máa sọ Yorùbá fún ìyá mi tó máa ju èmi ọmọ wọn lọ, èmi tí mo tún jẹ́ nọ́ọ̀sì? Mo buwọ́ lùwé pé èmi ni màá máa túmọ̀. Ọ̀pọ̀ wa níbí la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. A ń fi ọwọ́ ara wa gé ọ̀rọ̀ dókítà wẹ́wẹ́ kí ó má bàa há àwọn òbí wa lọ́fun, a sì ń pè é ní ìtọ́jú.

Nígbà òtútù tó kọjá, dókítà ti dúró níwájú màmá mi níbi tí wọ́n jókòó sí lórí àga ẹ̀rọ. Ó ní kí n sọ fún wọn pé ọwọ́ wọn ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ó ní tí ìtọ́jú yìí bá sú wọn nígbà kan, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a dúró, àwọn á sì rí i pé ìrora kò dà wọ́n láàmú. Mo yíjú sí màmá mi, mo ní, “Dókítà ní ẹ ń ṣe dáadáa, kí ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀.” Wọ́n ní, “Ẹ ṣé o, dókítà.” Mo sì yíjú pa dà sí dókítà, mo ní màmá mi sọ pé àwọn ò ní dá a dúró láé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí a délé, mo rò pé màmá mi máa lọ dùbúlẹ̀. Wọn kò lọ. Wọ́n ní kí n gbé àga gíga sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù, wọ́n so ìró wọn le, wọ́n ní àwọn fẹ́ se oúnjẹ. Ọmọ mi ti ń wo bí wọ́n ṣe ń fi bẹ́rì ṣe pie lórí fóònù rẹ̀.

“Gbé bùlẹ́ńdà wá,” ni màmá mi wí fún un.

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Grandma?”

“Ọbẹ̀.”

“Stew? With blackberry? Grandma, no.”

“Kí ni tòmátì ń ṣe nínú ọbẹ̀ tí eléyìí kò lè ṣe? Kíkan ni tòmátì ń kan. Èyí náà kan. Ẹ ní kí n má jẹ tòmátì, mo ti gbọ́. Ẹ kò ní kí n má jẹ ọbẹ̀.”

Wọ́n da bẹ́rì sínú omi oníyọ̀ bí a ṣe ń ṣe ẹ̀fọ́ nílé. Ọmọ mi ní orí fóònù kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí kòkòrò funfun tín-ín-rín mẹ́ta fi léfòó lójú omi, ọmọ náà ké, ó sá jáde nílé ìdáná. Màmá mi ní ẹran náà ni, ó kàn kéré ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a máa rẹ́rìn-ín pọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Wọ́n fi omi ṣan bẹ́rì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, torí iyọ̀ náà wà lápá òsì ìwé.

Wọ́n lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ tàtàṣé méjì, àlùbọ́sà àti ààbọ̀ ata rodo. Hóró inú bẹ́rì kò jẹ́ kí ó kúnná, ni wọ́n bá ní kí n mú asẹ́ wá, wọ́n sẹ́ ẹ bí ẹni sẹ́ ògì. Wọ́n gbé e kaná, wọ́n sì jókòó tì í títí omi rẹ̀ fi gbẹ. Mo ní kí n bá wọn rò ó, wọ́n gbá ọwọ́ mi kúrò. Nígbà tí wọ́n dà á sínú òróró gbígbóná, ó ta, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé, ọmọ mi sì rọra pa dà wọlé. Ọbẹ̀ náà dúdú, ó ní pupa díẹ̀ nínú, bí aṣọ ẹtù àtijọ́. Wọ́n kó adìyẹ bíbọ̀ sí i, wọ́n dín iná kù, wọ́n ní kí a se ìrẹsì.

Kí n sọ òótọ́, mi ò ní se ọbẹ̀ yẹn fún àlejò. Ó kọ́kọ́ ń dùn lẹ́nu, kíkan tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ata wá dé, olúkúlùkù wọn ń bọ̀ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n màmá mi jẹ àwo kan tán. Wọ́n fi ìka nu ìdí àwo. Mo ti ń ronú pé a máa pa dà lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mìíràn, pé màá kó bẹ́rì kún firíìsà, pé a máa jẹ ẹ́ dé Kérésìmesì. Mo dìde láti bu omi ìwọ̀n tí wọ́n lè mu fún wọn.

“Jókòó,” ni wọ́n wí.

Ọmọ mi náà fẹ́ dìde kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní, “Ìwọ náà dúró. O gbọ́ Yorùbá ju bí ìyá rẹ ṣe rò lọ.” Wọ́n wá kọjú sí mi. “Tí o bá lè yí ọ̀rọ̀ mi po lójú mi lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta èso, kí lo ti ń bá dókítà sọ láti ọdún méjì?”

Mo ní, “Màmi, ẹ jẹ́ kí...”

“Kí ni dókítà sọ?”

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti ìgbà òtútù, bí ó ṣe jẹ́ gan-an. Mo sọ ohun tí mo fi sí i lẹ́nu àti ohun tí mo fi sí wọn lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ojú mi ti wú, mo sì ń fi etí ìró nu imú bí ọmọdé.

“Nítorí náà dókítà kọ́ ló ní mi ò lè lọ,” ni wọ́n wí.

“Kì í ṣe òun, Màmi.”

“Ìwọ ni.”

“Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.”

Mo rí i pé ó dùn wọ́n, ó dùn wọ́n dé egungun. Wọ́n ní, “Mi ò bínú pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n ara mi ni. Ìwọ àti dókítà dúró lé mi lórí, ẹ ń sọ ọ̀rọ̀ ara mi lójú mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín, mò ń dúpẹ́. O sọ mí di ọmọ ọwọ́.” Wọ́n ti àwo wọn síwájú. “Lọ́jọ́ Monday, tí dókítà bá dé, ohun tí mo bá wí ni kí o wí. Ohun tó bá wí ni kí o wí fún mi. Tí o kò bá lè ṣe é, kí wọ́n pe ẹni orí fóònù yẹn fún mi. Mi ò ní bá ọ jà.”

Lọ́jọ́ Ìsinmi a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Arábìnrin kan di mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Aunty, Mama ń kọ́?” Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀: “Wọ́n ń gbádùn, a dúpẹ́, wọ́n ń lágbára sí i.” Màmá mi dúró níwájú wa, wọ́n fi ara ti ọ̀pá, ojú wọn ti rọ bí ewé tí oòrùn pa. Mo gbọ́ ara mi. Ní gbogbo àkókò ìsìn, ohun kan ṣoṣo ni mò ń gbèrò: kí n jẹ́ kí wọ́n pe ògbufọ̀ orí fóònù. Kí àlejò kan tí mi ò mọ ojú rẹ̀ sọ ọ́, kí n lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó wù mí gan-an. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú gbogbo àwọn tó ń yìn mí.

Lọ́jọ́ Ajé wọ́n gún màmá mi lọ́wọ́, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Nígbà tí dókítà dé ọ̀dọ̀ wa, ó béèrè lọ́wọ́ mi bí ara ìyá mi ṣe ń ṣe, bó ṣe máa ń ṣe. Mo ní kí ó béèrè lọ́wọ́ wọn. Ó wò mí díẹ̀, ó fa àga kékeré kan, ó jókòó kí ojú rẹ̀ lè bá ojú wọn dọ́gba.

Màmá mi ní, “Sọ fún un pé ẹ̀rọ yìí ti sú mi. Mo fẹ́ dá a dúró, kí n máa lọ sílé.”

Mo sọ ọ́. Mo tún sọ ohun kan tí wọn kò rán mi, mo ní nígbà òtútù, èmi ni mo parọ́ fún àwọn méjèèjì. Dókítà kò bá mi wí. Ó ní kí n béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá dá a dúró, kí n sì sọ ọ́ fún wọn láìfi bò. Ó lo ọ̀rọ̀ náà gan-an ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn dókítà ibí kì í bẹ̀rù rẹ̀ bí àwa.

Láti kékeré ni a ti kọ́ wa pé a kì í sọ ọ̀rọ̀ yẹn kan àgbà lójú. Mo wá èyí tí mo lè lò. Papò dà. Ṣe aláìsí. Sùn. Gbogbo wọn dára, gbogbo wọn tù mí lára, mo sì mọ̀ pé tí mo bá fi ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́, mo ti tún yí ọ̀rọ̀ po nìyẹn. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà. Mo di ọwọ́ ọ̀tún wọn mú, èyí tí kò ní abẹ́rẹ́.

Mo ní, “Màmi, dókítà ní tí ẹ bá fi ẹ̀rọ yìí sílẹ̀, ẹ máa kú. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan ni, bóyá méjì.”

Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo bá ka ìwé dé ìparí láìkọsẹ̀ ní kékeré.

“Mo mọ̀, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ìwọ ni mo ń dúró dè.”

Dókítà bi mí pé kí ni wọ́n sọ. Mo sọ ọ́ fún un gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.